Ọ̀pá Tó Ń Rìn Lójú Omi

Fótò ìdánimọ̀ ni iṣẹ́ tó ń bọ́ mi. Ní ìsọ̀ mi ní Houinmè, ní Àjàṣẹ́, èèyàn á jókòó sórí àpótí, á kọjú sí mi, etí rẹ̀ méjèèjì á hàn, ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun, ó parí. Mẹ́rin mẹ́rin ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbé fótò mẹ́fà kọ́ sára ògiri tí kò sí ẹnì kankan nínú wọn: omi ọ̀sà, ojú ọ̀run, ọ̀pẹ kan tó dá dúró ní òdìkejì, àti àwọn igi tí àwọn apẹja rì sínú omi. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá wọlé máa ń béèrè.

"Ta ló wà nínú eléyìí?"

Bí mo bá ní kò sẹ́nì kankan, wọ́n á sún mọ́ ọn, wọ́n á tún un wò, bí ẹni pé mo fi èèyàn pamọ́ sínú rẹ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé, "Ó yẹ kí ẹ dúró títí ẹnì kan á fi kọjá. Ẹ ò bá ti rí nǹkan yà."

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà n kì í ṣàlàyé. Kí n má parọ́, mi ò mọ àlàyé tí mo lè ṣe. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí oòrùn tó le. Mo máa ń gbé ẹ̀rọ fótò ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, màá wo ibi tí omi àti ọ̀run ti pàdé kí ó má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá yà á lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, màá sì kó ẹrù mi. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, mo máa ń fi sítílò kọ ọjọ́ àti wákàtí sí ẹ̀yìn rẹ̀, màá fi í sínú àpòòwé oṣù rẹ̀. Ibi kan náà ni mo máa ń dúró sí. Èyí ni mo fi ń yangàn nínú ọkàn mi. Àwọn tó ń fi tẹlifóònù ya ọ̀sà máa ń sáré sókè sódò, wọ́n ń wá ibi tó dára jù. Èmi dúró lójú kan kí n lè mọ ohun tó ń yí padà.

Ẹ̀yìn ilé tí wọ́n bí ìyá mi sí ni mo ti ń gba ọ̀nà tóóró kan sọ̀ kalẹ̀ láàrin koríko. Ọ̀nà náà kò lọ gbọọrọ. Bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀ ló ń yà sí ọwọ́ òsì. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá mi kì í jẹ́ kí a dúró lókèèrè máa wo ọ̀sà. Ó ní ìwà àìmọ̀wàáhù ni, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá dúró lójú ọ̀nà máa wo inú ilé onílé. "Lọ bá a. Jẹ́ kí ó kan ẹsẹ̀ rẹ. Kí i. Lẹ́yìn náà kí o gbójú sókè." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ọmọ ilé wa ṣe ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe di òní. Mo máa ń bọ́ bàtà, màá rìn títí omi á fi kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, màá kí i, nígbà náà ni màá tó tẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta náà.

Oṣù kẹta ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá ni opó kan wọ ìsọ̀ mi. Nàgó ni bíi tèmi, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ilé apẹja tí wọ́n ti ń sọ èdè Gùn ló fẹ́ ọkọ sí. Ọkọ rẹ̀ kú ní oṣù kejìlá. Ó nílò fótò fún àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ opó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀," mo wí.

Kò gbé e. Ògiri tó wà lókè orí mi ló ń wò.

"Àbúrò, níbo lo ti rí akajá mi?"

Ó dìde, ó fi ìka kan ọ̀kan nínú àwọn fótò náà. Gbogbo wa ní Àjàṣẹ́ la mọ akajá. Ẹ̀ka igi ni wọ́n máa ń rì mọ́ra wọn nínú omi bí ọgbà, ẹja á wá sá pamọ́ sáàrin rẹ̀, á jẹun níbẹ̀, á bímọ níbẹ̀. Tí ó bá pẹ́ tó, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á yọ ẹ̀ka kúrò, wọ́n á kó ẹja. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ẹni tó ni èyí tó wà nínú fótò mi. Mo kàn ń yà á nítorí bí òjìji rẹ̀ ṣe ń sùn sórí omi ni.

Obìnrin náà fi hàn mí. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún jẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì jẹ́ ti àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọ̀pá kan tó nípọn ju ìyókù lọ ló wà láàrin wọn, òun ni ààlà. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ òun ni ọ̀pá náà ti sún wá sínú omi òun.

"Àbúrò ọkọ mi ní bàbá àwọn ló rì í síbẹ̀, pé òun ò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó wà. Ṣé o mọ̀ pé obìnrin kì í ni omi ní ilé tiwa? Nítorí àwọn ọmọ ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ fún mi. Bí ààlà bá ti dàrú, omi á padà sọ́wọ́ ilé, wọ́n á sì ní kí n máa lọ sílé bàbá mi. Kí ni màá lọ ṣe nílé bàbá mi? Bàbá mi gan-an kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ó tún wo fótò náà. "Ìgbà wo lo ya èyí?"

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí i. Oṣù kẹwàá, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Nínú rẹ̀, ọ̀pá ààlà bo ìdí ọ̀pẹ òdìkejì mọ́lẹ̀ géérégé, bí ẹni pé igi kan ṣoṣo ni wọ́n.

"Ṣé o ní ti lẹ́yìn ikú rẹ̀?"

Mo ní. Mo ti yà á lọ́jọ́ Àìkú tó ṣẹ́yìn. Mo yọ ọ́ nínú àpòòwé, mo tò ó sí ẹ̀gbẹ́ èkejì lórí tábìlì. Ọ̀pá náà ti kúrò níwájú ọ̀pẹ. Ó ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ìwọ̀n ìka méjì sì wà láàrin wọn.

Opó náà kò pariwo. Ó jókòó padà sórí àpótí, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ní, "Ya tèmi báyìí." Ó ń sunkún nínú fótò àkọ́kọ́, nítorí náà mo tún un yà.

Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Fún ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń bi mí pé ta ló wà nínú fótò mi, ó wá di pé ẹnì kan nílò ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí sí abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe létí omi. Àwọn tó ní akajá lápá ibẹ̀ ti pé síbẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn ló ń darí ọ̀rọ̀.

"Ta ni eléyìí?" ẹnì kan béèrè.

"Ìyá onífótò ní Houinmè ni."

"Ṣé òun náà ń pẹja ni?"

"Ó ń fi ẹ̀rọ pa tirẹ̀," ẹlòmíràn dáhùn. "Kò ní í tutù, kò ní í rà." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àbúrò ọkọ opó náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin ńlá tí ohùn rẹ̀ kéré ni. "Ìyàwó," ó sọ fún un, "ṣé ọ̀rọ̀ ilé wa lo fi lọ bẹ fótò lọ́wẹ̀?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ọkọ ni ìyàwó ń pe gbogbo ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ní tiwa, ìjà kò sì yí ìyẹn padà. "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Mi ò bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ó ti wà lára ògiri kí n tó dé ibẹ̀."

Àwọn fótò méjèèjì lọ láti ọwọ́ sí ọwọ́. Bàbá arúgbó náà gbé wọn jìnnà sí ojú, ó gbé wọn súnmọ́ ojú.

"Ọmọ mi, níbo lo dúró sí nígbà tí o ya èyí?"

"Létí omi, bàbá. Nísàlẹ̀ ọ̀nà tó wá láti ẹ̀yìn ilé ìyá mi."

"Èyí ńkọ́?"

"Ibi kan náà ni."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ọdún mọ́kànlá, bàbá. N kì í kúrò níbẹ̀."

Ó mi orí pé ó dáa. Gbogbo wọn mi orí. Wọ́n bí wọn sórí omi ni, wọ́n mọ ìgbà tí ó ń kún àti ìgbà tí ó ń fà ju bí mo ṣe mọ ìsọ̀ mi lọ, kò sì sí ẹni tó béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi.

A jọ lọ sí ibi tí mo máa ń dúró. Ọkùnrin kan wọ inú ọkọ̀, ó tù ú lọ bá ọ̀pá náà. Bàbá gbé fótò oṣù kẹwàá sókè níwájú ojú rẹ̀, ó sì ń pàṣẹ láti etí omi.

"Fà á sí òsì."

"Òsì ta ni, bàbá? Tèmi tàbí tiyín?"

"Òsì mi. Ìwọ ha ń rí fótò bí?"

Ọ̀pá náà kò tètè jáde. Ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ fà á, ó mì í, ó tún fà á. Ó kígbe sí wa pé, "Bí ẹnì kan bá rì í lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, a jẹ́ pé òun àti erin ni wọ́n jọ rì í."

"Ẹ gbọ́ o," àbúrò ọkọ opó náà wí.

"Amọ̀ ọ̀sà ni," bàbá dá a lóhùn. "Lọ́sàn-án kan ṣoṣo ó lè gbé ẹsẹ̀ rẹ mì."

Nígbẹ̀yìn ó jáde. Wọ́n gbé e lọ sí òsì díẹ̀díẹ̀, títí tó fi bo ìdí ọ̀pẹ bí ó ṣe wà nínú fótò. Wọ́n rì í síbẹ̀. Bàbá ní ọ̀rọ̀ ti parí, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí wọ́n á fi ṣí akajá náà ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó ń bọ̀. Opó náà dì mọ́ mi. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dúró.

"Ìyá onífótò, ẹ ṣeun. Ojú yín ríran ju ti bàbá wa tó rì í lọ."

Kò bú mi. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Òjò dé, odò láti òkè kún, ọ̀sà gòkè. Ní oṣù kẹwàá mo ya fótò bí mo ṣe máa ń yà á. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ tò ó pẹ̀lú ti ọdún tó kọjá, kí n kàn rí bí wọ́n ṣe bára mu. Wọn kò bára mu. Ọ̀pá náà ti kúrò níwájú ọ̀pẹ. Ó ti lọ sí ọwọ́ òsì, inú omi àbúrò ọkọ opó náà, ìwọ̀n ìka méjì.

Mo kọ́kọ́ rò pé mo tẹ̀ ẹ́ lódì, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo dígí. Rárá. Àwọn ilé òdìkejì wà ní ipò wọn. Mo nu ojú ẹ̀rọ. Mo tún un tẹ̀. Ìka méjì náà wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ronú ohun tí mi ò fẹ́ rò. Mo rò pé opó náà ni. Mo rò pé ó rí i pé àwọn àgbà gbà á gbọ́, ni ó bá fi díẹ̀ kún un.

Ó yà sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ náà láti wá gba àdàkọ ìwé kan. Mo ń ṣe é lọ́wọ́, n kò kọjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá ààlà yẹn, ṣé ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn án?"

"Nínú ìkún omi yìí? Ta ló fẹ́ kú?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Kí ló dé? Ṣé o rí ẹnì kan níbẹ̀?"

"Rárá o."

Mo wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń wo ojú oníbàárà kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Mi ò rí nǹkan kan. Ó ní kí Ọlọ́run bá mi mójú tó ojú mi, ojú tó ran òun lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìdààmú bá ọjọ́ Àìkú mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀pá náà sún mọ́ ọ̀pẹ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún sún. Mo ń yà á, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìsọ̀ tí mo bá ti ilẹ̀kùn. Fótò márùn-ún, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọ̀pá kan tí àwọn ọkùnrin ń làágùn kí wọ́n tó lè fà á ń rìn bọ̀ sí ọ̀tún lójú omi, ẹnì kankan kò tì í. Tí ó bá jẹ́ pé ojú kan ló dúró sí, ǹ bá mọ ẹni tí mo lè bá wí. Mo ronú nípa ìyá mi, bó ṣe jẹ́ pé kó tó kú, ó máa ń kí àga pé ẹ káàárọ̀. Mo bi ara mi bóyá ibi tí tèmi ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ní oṣù kejìlá, omi ti fà púpọ̀. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà náà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nígbà tí mo rí ihò mẹ́ta nínú amọ̀ tó ti gbẹ. Wọ́n kéré, wọ́n jìnnà síra wọn dọ́gbadọ́gba. Mo dúró tì wọ́n. Mo rò pé ẹlòmíràn ti ń wá ya fótò níbẹ̀, ó sì dùn mí díẹ̀. Mo rìn síwájú, mo rí ihò mẹ́ta mìíràn. Níwájú rẹ̀, mẹ́ta mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ títí dé etí omi, bí ipa ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lọ mu omi, tí ó ń sinmi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Èmi ni ẹranko náà.

Mo padà sókè síbi ihò tó ga jù lọ, mo dúró síbẹ̀ láìsí ẹ̀rọ, mo fi ojú lásán wò. Ọ̀pá wà lápá òsì ọ̀pẹ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi. Bí mo ti ń yà sí òsì pẹ̀lú ọ̀nà náà ni ọ̀pá ń sún sí ọ̀tún, títí ó fi bo ọ̀pẹ. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélógójì. Mo tún gòkè. Mo tún sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan tó ń fọ aṣọ ń wò mí.

"Ìyá, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?"

"Mi ò mọ̀," mo wí. Òótọ́ sì ni.

N kò tíì gbójú sókè wo ọ̀sà rí láìjẹ́ pé ó kan ẹsẹ̀ mi. Nínú ìkún omi, òkè ni ó ti ń kàn mí, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Mo ti ń tẹ̀ lé e fún ọdún mọ́kànlá, mo ń pè é ní ojú kan. Nítorí náà, kò sí ẹ̀rí nínú fótò oṣù kẹwàá àti ti oṣù kẹta tí mo gbé síwájú àwọn àgbà pé ẹnì kan sún ọ̀pá.

Mo lọ sílé, mo tú gbogbo àpòòwé oṣù kẹta sílẹ̀. Mo ní oṣù kẹta sí oṣù kẹta á bára mu, èyí tó wà ṣáájú ikú ọkùnrin náà àti èyí tó tẹ̀ lé e, òótọ́ á sì jáde. Ṣùgbọ́n òjò ọdún kan kì í ṣe ti ìkejì. Nínú oṣù kẹta kan, ọ̀pá wà ní ìwọ̀n ìka kan sí ọ̀pẹ. Nínú òmíràn, ìka mẹ́ta. Nínú òmíràn, ewé omi bo gbogbo rẹ̀. Ìka méjì tí mo fi hàn wọ́n wà láàrin wọn. Ó ṣeé ṣe kí ó ti sún un. Ó ṣeé ṣe kí ó má fọwọ́ kàn án. Mo jókòó sáàrin fótò wọ̀nyẹn títí di ìrọ̀lẹ́, bí mo sì ṣe ń wò wọ́n tó ni mo ń mọ̀ díẹ̀ sí i.

Opó náà ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mo bá a níbi tó ti ń yan ẹja. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá mi dúró. Ó ń yí ẹja lórí iná, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Ó dáa. Jẹ́ kó mọ síbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o rí i pé kò sún ọ̀pá?"

"Mi ò rí i."

"Ṣé o rí i pé ó sún un?"

"Mi ò rí ìyẹn náà."

"Kí lo wá fẹ́ lọ sọ fún wọn? Pé o ò rí nǹkan kan? Ṣé ẹni tí kò rí nǹkan kan máa ń rìn lọ bá àwọn àgbà ni?" Ó sọ ẹja kan sínú abọ́. "Èmi mọ̀ pé ó sún un. Mo mọ ibi tí ọkọ mi ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Fótò rẹ ṣì lè jẹ́ òótọ́, kódà bí ìwọ ò bá mọ bó ṣe jẹ́ òótọ́."

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri. Tí mo bá dákẹ́, tí ọkùnrin náà sì ti sún ọ̀pá, mi ò ṣe ibi kankan. Tí kò bá sì sún un, èmi ni mo gba omi bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ olè ni mo ń ràn lọ́wọ́ kó lé opó kúrò nílé. Mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú rẹ̀ wúwo ju ìkejì lọ kí n lè mọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá sùn tí mo jí, wọ́n á tún ti dọ́gba. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni pé bàbá bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo sì ní ó dá mi lójú.

Ìyẹn ni mo lọ sọ fún un. Mo mú un lọ sójú ọ̀nà, mo fi ihò hàn án. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sinmi, ó tún gòkè.

"Gbogbo wa la jọ dúró síbí lọ́jọ́ yẹn. Apẹja ni gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó rántí pé omi kì í dúró dè èèyàn." Ó wò mí. "Ṣé ó sún un ni àbí kò sún un?"

"Mi ò mọ̀, bàbá."

"Nígbà tí o ní o mọ̀, a mọ ohun tí a ó ṣe. Nísinsìnyí tí o ní o ò mọ̀, kí la ó ti ṣe é?"

Mo sìn ín dé ilé rẹ̀.

Wọ́n jókòó lé e lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò pè mí. Ohun tí wọ́n pinnu ni pé wọ́n á ri ọ̀pá sáàrin ibi tó wà tẹ́lẹ̀ àti ibi tí a gbé e lọ. Ẹja tó bá wà láàrin ibi méjèèjì, ìdajì jẹ́ ti opó, ìdajì jẹ́ ti àbúrò ọkọ rẹ̀. Wọ́n sì pe orúkọ àwọn ọmọ obìnrin náà mọ́ omi tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ààlà ti dàrú. Nítorí náà, kò padà sílé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ dínkù, èmi ni mo sì dín in kù, bí ó bá jẹ́ pé tirẹ̀ ni.

Oṣù kejì ni wọ́n ṣí akajá náà. Bàbá ránṣẹ́ pé kí n wá. Mi ò gbé ẹ̀rọ lọ. Wọ́n ti fi àwọ̀n yí i ká láti àfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn ọkùnrin wà nínú omi dé àyà, wọ́n ń yọ ẹ̀ka jáde, wọ́n ń jù ú sínú ọkọ̀. Bí àwọ̀n ti ń kéré sí i ni omi inú rẹ̀ ń hó. Lórí ilẹ̀, opó náà àti àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ jọ ń ṣa ẹja sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ńlá síbí, kékeré sọ́hùn-ún, wọ́n sì ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn bí ẹni pé ìjà kan ò ṣẹlẹ̀ rí. Mo kí wọn. Gbogbo wọn dá mi lóhùn, àfi opó náà.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ jáde nínú omi, ó ń kán tótó, ó gbé ẹ̀pìyà ńlá kan lọ́wọ́.

"Ìyá onífótò, ẹ gba eléyìí. Ẹ sọ òótọ́."

"Mi ò sọ òótọ́ kankan," mo wí. "Mo ní mi ò mọ̀ ni."

"Ìyẹn náà tó."

Ẹja náà ṣì ń mí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo ń wá olè níbẹ̀, mo ń wá ẹni tí a rẹ́ jẹ, ojú ọkùnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ nìkan ni mo rí. Mi ò na ọwọ́. Àwọn obìnrin ti dáwọ́ ẹja ṣíṣà dúró, wọ́n ń wò wá. Tí mo bá gbà á, owó ọ̀yà ni wọ́n á pè é. Tí mi ò bá gbà á, mo ti pè é lólè níwájú ilé rẹ̀.

"Gbà á," opó náà wí. Kò gbé orí sókè. "Bí o ò bá gbà á lọ́wọ́ ọkọ mi, wọ́n á ní ẹ̀yìn mi lo ṣì wà."

Mo gbà á. Mo ní ẹ ṣeun. Ọkùnrin náà padà sínú omi, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀. Mo fi ẹja náà sínú àpò tí mo gbé wá, mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ opó náà, mo ń bá a ṣa àwọn kékeré. Kò lé mi. Ọwọ́ wa ń kanra nínú agbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n," mo wí nígbà tó pẹ́ díẹ̀, "ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

Ó ju ẹja mẹ́ta sọ́hùn-ún, ọ̀kan síbí.

"Mi ò tíì mọ̀," ó ní. "Di ẹnu àpò rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ọ láṣọ."